Ọ̀nà Castle Howard tí kò dé ilé

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, mo jẹ yín ní gbèsè àtúnṣe kan. Mo máa ń wí ní kíláàsì pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ọ̀nà onígi àwọn ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe: kó mú ojú àlejò lọ tààrà sí ẹnu ilẹ̀kùn. Kò rí bẹ́ẹ̀ o, ó kéré tán ní Castle Howard ní Yorkshire.

Ẹ gba gúúsù wọ ibẹ̀. Ọ̀nà náà tó máìlì márùn-ún. Kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì, ṣùgbọ́n ó ń gun òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ó rí ẹnubodè lọ́ọ̀ọ́kán láti orí òkè. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ báyìí, ó ti pòórá. Carrmire Gate tí Hawksmoor yàwòrán rẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ bá, lẹ́yìn náà Pyramid Gate ti Vanbrugh, ti 1719, kẹ́ ẹ tó kan òpó òkúta gogoro ti 1714 tí wọ́n fi yin ìṣẹ́gun Marlborough. Ilé ńkọ́? Kò sí níwájú yín! Níbi òpó yẹn lẹ ó ti yà sọ́tùn-ún.

Òǹkọ̀wé eré orí ìtàgé ni Vanbrugh. Kò yàwòrán ilé kankan rí kí Earl of Carlisle kẹta tó gbé iṣẹ́ yìí lé e lọ́wọ́ ní 1699. Mo rò pé ìdí nìyẹn tó fi mọ bí a ṣe ń fi nǹkan pamọ́ kó tó yọ. Mo gbóríyìn fún un.

Àmọ́ odi ẹ̀gbẹ́ àwọn ẹnubodè yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. Odi pẹ̀lú ilé ìṣọ́, ta ni wọ́n ń sá fún? Ẹni tó bá ti sọ̀ sínú Erédò ní Ìjẹ̀bú mọ ohun tí odi ń ṣe. Ọ̀ṣọ́ lásán ni tibí. Kò sí ogun tó ń bọ̀ wá bá Carlisle. Òun gan-an ló pa abúlé Henderskelfe rẹ́ kó lè rí àyè kọ́ ilé.

Ojú pópó abúlé náà ló di ọ̀nà ìgbafẹ́ tó lọ sí Temple of the Four Winds. Ó tẹ̀ díẹ̀, kò ṣe tààrà. Àwọn òpìtàn ọgbà kan máa ń yin títẹ̀ yìí, pé ara ibi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọgbà alálà gbọọrọ sílẹ̀ nìyẹn. Èmi náà yìn ín bẹ́ẹ̀ fún yín, mo sì fi gbogbo rẹ̀ fún Vanbrugh àti ọ̀gá rẹ̀. Ẹsẹ̀ ará abúlé ló kọ́kọ́ la ọ̀nà yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún nóòtì yín ṣe.