Sàráà Kọ́, Àáró Ni: Lámèyítọ́ Fídíò Ọmọ Tó Ní Jẹjẹrẹ

Gbogbo wa la mọ fídíò náà. Orí WhatsApp ló máa ń gbà wọlé, látinú gúrúùpù ṣọ́ọ̀ṣì, ti àdúgbò, tàbí ti àwọn tí a jọ ka ìwé mẹ́wàá. Ọmọ kan jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó mú fóònù dání á sún mọ́ ọn títí ojú ọmọ náà á fi gba gbogbo ojú fóònù. Wọ́n á ṣí aṣọ kúrò níbi tó wú. Dùrù á máa dún jẹ́jẹ́ lábẹ́ ọ̀rọ̀. Ìyá á sọ̀rọ̀ díẹ̀, ẹkún á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìwé láti ọsibítù, iye owó, àti nọ́ńbà àkáǹtì. Ó parí nìyẹn. Kì í ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Mo fẹ́ ká ṣe lámèyítọ́ fídíò yìí bí a ṣe máa ń ṣe é fún ewì tàbí fíìmù. Mi ò ní dárúkọ ọ̀kankan nínú wọn, torí kò sí ọmọ tó bẹ̀ wá pé ká wá máa yẹ ojú òun wò. Ṣùgbọ́n ó yẹ ká sọ̀rọ̀ nípa irú ìtàn tí wọ́n ń sọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò tíì ka ìwé kankan lórí jẹjẹrẹ ọmọdé rí. Fídíò yìí ni ìwé tí a kà. Ohun tó bá kọ́ wa náà la máa ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ọmọ ẹni tí a jọ ń gbé ilé kan náà ní Òṣòdì tàbí Ìsọlọ̀.

Ká má purọ́, fídíò náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jóná kì í wá ọ̀rọ̀ dídùn kó tó pariwo. Owó àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ òbí fi ń tọ́jú ọmọ nílẹ̀ yìí. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń pè ní Cancer Health Fund sílẹ̀, jẹjẹrẹ mẹ́ta ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: ti ọmú, ti ẹnu ilé ọmọ, àti ti prostate àwọn ọkùnrin. Àìsàn àgbà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní Ghana tó wà nítòsí wa níbí, ìjọba kéde pé ìṣọ́ra ìlera wọn, NHIS, máa bá òbí gbé ẹrù jẹjẹrẹ ọmọdé mẹ́rin tó wọ́pọ̀ jù. Nítorí náà, ẹ̀bi kọ́ ni òbí jẹ tó bá gbé fóònù jáde. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé: kí ni fídíò náà mú kí àwa tí à ń wò ó gbà gbọ́?

Àkọ́kọ́, ó mú ká gbà gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan ni. Owó á pé, wọ́n á ṣe iṣẹ́ abẹ, ọmọ á padà sílé. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù láàárín ọmọdé kì í rí bẹ́ẹ̀. Ìtọ́jú rẹ̀ máa ń gba ọdún 2 sí ọdún 3. Ọmọ á lọ, á padà wálé, á tún lọ. Wọ́n á fa oògùn tí gbogbo wa ń pè ní chemo sí i lára, irun á re, ẹnu á bó, á sinmi díẹ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá fi ojú inú wo ìdílé tó ń gbé Máfolúkù, tí ọmọ wọn ń gba ìtọ́jú ní LUTH ní Ìdí-Àràbà. Wọ́n á kọ́kọ́ dé Òṣòdì, wọ́n á wọ danfó Mùṣín, wọ́n á tún wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ẹni tó wà ní Ìsọlọ̀ á gba ọ̀nà Ìlasamàjà àti Ìtirẹ̀. Ibẹ̀ ò jìnnà lórí máàpù. Àmọ́ ẹ ṣírò rẹ̀ fún ọdún méjì, pẹ̀lú ọmọ tó ń bì, tí chemo ti dín agbára tí ara rẹ̀ fi ń bá kòkòrò àìsàn jà kù, nínú danfó tí èèyàn fún pọ̀ sí, tí ẹnì kan sì ń wúkọ́ lẹ́yìn.

Ibí yìí ni ikú ń fara pamọ́ sí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó, ó ju ọmọ 80 lọ nínú 100 tí jẹjẹrẹ wọn ń san. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí owó wọn ò tó, wọn ò pé 30. Lọ́dún 2018 ni àjọ náà bẹ̀rẹ̀ ètò kan kí ó kéré tán ọmọ 60 nínú 100 lè máa yè é kárí ayé tó bá fi máa di ọdún 2030. Àìtètè mọ̀ wà lára ohun tó fa ìyàtọ̀ yìí, àìsí oògùn náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òmíràn ni pé àwọn òbí kan ń dá ìtọ́jú dúró láàárín ọ̀nà. Àwọn dókítà tiẹ̀ ní òdiwọ̀n fún un: bí ọmọ bá fi ọ̀sẹ̀ 4 tẹ̀léra tẹ̀léra pàdánù ìtọ́jú tó lè wò ó sàn, wọ́n á kà á sí pé wọ́n ti pa ìtọ́jú náà tì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré! Owó mọ́tò tó gbẹ, ọ̀gá ibi iṣẹ́ tó ní kí ìyá má padà wá mọ́, àbúrò tí kò sí ẹni tó máa mú un wá láti ilé ìwé: èyíkéyìí nínú wọn tó láti jẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kò sí èyí tó máa ń hàn nínú fídíò.

Èkejì ni pé kámẹ́rà ní ohun tó fẹ́ràn. Lọ́dún 1958, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Denis Burkitt kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí àgbọ̀n wọn ń wú ní Uganda. Àìsàn náà ti ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní, wọ́n sì ti ń rí i dáadáa ní UCH Ìbàdàn láti ìgbà pípẹ́. Àgbọ̀n tó wú máa ń hàn nínú fídíò. Ojú tí jẹjẹrẹ ti yọ síta máa ń hàn. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ò ní ojú tí kámẹ́rà máa rí. Ọmọ náà kàn rẹ̀ ni, ó funfun lójú, egungun ń ro ó. Ẹ̀jẹ̀ gan-an ló sì nílò jù, ká wá lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún un. Èyí tó tún burú ni pé nígbà tí àìsàn bá ti rí bí kámẹ́rà ṣe fẹ́ kó rí, ó ti pẹ́. Ohun funfun tó máa ń tàn nínú ẹyinjú ọmọ tí a bá fi fíláàṣì ya fọ́tò ló yẹ kó kó wa láyà jẹ, kí ojú tó yọ. Bí fídíò wọ̀nyí ṣe ń kọ́ wa pé kí àìsàn tó lẹ́rù, ó gbọ́dọ̀ bani lẹ́rù lójú, ẹ̀kọ́ tó léwu ni.

Ẹ̀kẹta ni mo kà sí gbòǹgbò: ta ló ń sọ̀rọ̀, ta ni wọ́n sì ń bá sọ̀rọ̀? Wọlé Sóyinká àti J. P. Clark kọ ewì méjì tí wọ́n jọ ń jẹ́ “Abiku”. Nínú ti Sóyinká, àbíkú fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, tó ń fi ẹ̀gbà àti oògùn àwọn àgbà ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú ti Clark, àwọn ará ilé ló ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró, pé ó ti rẹ ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yàtọ̀, ṣùgbọ́n inú ilé ni méjèèjì wà, ọmọ sì jẹ́ ẹnì kan nínú wọn. Orúkọ wa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Málọmọ́, Dúróṣinmí, Bánjókò: ọmọ gan-an ni wọ́n ń bá wí. A ò padà sí ìgbà tí wọ́n ń fi abẹ kọ ara ọmọ nítorí wọ́n pè é ní àbíkú, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Àmọ́ nínú fídíò tiwa, ọmọ ò sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Àjèjì ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ń gbọ́ ìyá rẹ̀ tó ń sọ fún fóònù pé “ẹ má jẹ́ kó kú o”, nígbà tí kò tíì sí ẹnì kankan tó jókòó tì í sọ pé, “Àìsàn yìí ní orúkọ. Oògùn yìí máa jẹ́ kí irun rẹ re, ṣùgbọ́n á padà hù. Kì í ṣe nǹkan tí o ṣe ló fà á.”

Ìyá náà nílò gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn. Yorùbá ní ìkíni fún gbogbo nǹkan, títí kan ẹ kú ìjókòó àti ẹ kú ìnáwó. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ní jẹjẹrẹ, ìbéèrè ni ìkíni tí ọ̀pọ̀ ń mú wá: “Màmá, ṣé ẹ ti wádìí ẹ̀ nílé ọkọ yín?” “Kí lẹ jẹ nígbà tí oyún ẹ̀ wà nínú?” Ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ọmọdé ni kò sí ohun kan pàtó tí òbí ṣe tó fà á. Kì í ràn. Ẹni tó bá ń gbé abọ́ ọmọ náà sọ́tọ̀ ń dá ẹ̀rù tuntun kún ti ilé ni. Tí o ò bá mọ ohun tí o máa sọ, “Ẹ kú ìtọ́jú, mà. Mo gbé oúnjẹ wá” ti tó.

Oúnjẹ yẹn ló gbé wa dé ibi tí mò ń lọ. Sàráà ni fídíò náà mọ̀: ẹni tó ní á fún ẹni tí kò ní, á ṣe àmín, á sì bá tiẹ̀ lọ. Àwọn baba wa ní ètò mìíràn fún iṣẹ́ tó bá pọ̀ ju agbára ẹnì kan lọ. Àáró ni wọ́n ń pè é. Lónìí gbogbo wa á ro oko tìrẹ, lọ́la a ó ro tèmi. Nínú àáró, iye ẹni tó wá mọ́, ọjọ́ wọn mọ́, kò sì sí alágbe níbẹ̀. Jẹjẹrẹ ọmọdé, iṣẹ́ àáró ni. Ẹnì kan tó ní mọ́tò ní àdúgbò gba ọjọ́ ìtọ́jú lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ọmọ má baà wọ danfó. Ẹnì kan ń mú àbúrò rẹ̀ wálé láti ilé ìwé. Ẹnì kan ń dúró ti ìsọ̀ ìyá lọ́jọ́ tó bá wà lọ́sibítù, kí oníbàárà má baà tú ká. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́fà ń lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe lọ́jọ́ kan náà. Ẹlòmíì kàn jókòó ti ọmọ, wọ́n jọ ta ayò, kí ìyá lè sùn fún wákàtí kan. Ó sì gbọ́dọ̀ sí ẹnì kan tí wọ́n lè pè ní aago méjì òru, torí pé bí ara ọmọ tó ń gba chemo bá gbóná, wọn ò gbọ́dọ̀ lo paracetamol kí wọ́n dúró di àárọ̀. Ọsibítù ni, lójú ẹsẹ̀.

Àwọn ibòmíì ti rí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́dún 1974, ní Philadelphia lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n ṣí ilé kan sítòsí ọsibítù ọmọdé fún àwọn òbí tí ọmọ wọn ń gba ìtọ́jú. Ọmọ agbábọ́ọ̀lù kan tó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló fà á. Ronald McDonald House ni wọ́n pè é, irú rẹ̀ sì ti tàn ká ayé. Kì í ṣe oògùn ni wọ́n ń fúnni níbẹ̀ o, ibi tí òbí máa sùn sí ni. Ní Èkó níbí, Children Living with Cancer Foundation tí Dókítà Nneka Nwobbi dá sílẹ̀ àti The Dorcas Cancer Foundation ń ran irú ìdílé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ wá wọn kẹ́ ẹ tó máa wá ẹni tó máa gbé fóònù.

Ẹnì kan lè sọ pé, “Ta ló máa wo fídíò owó mọ́tò? Ojú tó wú ló ń mú owó wá.” Òótọ́ wà níbẹ̀, ìyẹn ló sì fi jẹ́ pé àwa òǹwòran ni lámèyítọ́ yìí kàn jù. Bí a bá ń fi owó wa ránṣẹ́ kìkì nígbà tí wọ́n bá ṣí aṣọ ọmọ, a ó máa rí ọmọ tí wọ́n ṣí aṣọ rẹ̀. Fídíò lè fi ọwọ́ ọmọ hàn níbi tó ti ń ya àwòrán, kó sọ orúkọ àìsàn, kó sọ oṣù tí ìtọ́jú kù, kó sì kọ ohun tí wọ́n nílò: ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mọ́tò fún ọjọ́ Tuesday. Ọmọ náà á dàgbà lọ́jọ́ kan, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Á lọ wá orúkọ ara rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kí ni a fẹ́ kó rí níbẹ̀?

Nítorí náà, nígbà tí fídíò náà bá tún wọlé, fi owó ránṣẹ́ tí o bá ní, lẹ́yìn tí o bá ti wádìí pé òótọ́ ni. Má fi í ránṣẹ́ síwájú bí ojú ọmọ bá wà níhòòhò níbẹ̀. Kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jáde kí o fi ìyẹn ránṣẹ́. Tó bá jẹ́ ẹni àdúgbò yín ni, pe ìyá náà, kí o sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Mà, ọjọ́ wo lẹ tún ń padà sí ọsibítù, ta ló sì máa gbé yín lọ?”