Wọ́n Kó O, Wọ́n Ní Àwọn Kò Kó O: Èdè Ìjọba Lórí Ìṣọ́ni àti Iṣẹ́ Ògbufọ̀ Yorùbá

Ìfáàrà

Bí ọ̀rọ̀ bá dé orí bí ìjọba ṣe ń ṣọ́ ará ìlú, ìwé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí ni Nineteen Eighty-Four, ìtàn àròsọ tí George Orwell tẹ̀ jáde ní ọdún 1949. Nínú ìwé náà, ẹ̀rọ kan wà lára ògiri ilé tí ó ń fọhùn sí onílé, tí ó sì ń wò ó tọ̀sán-tòru. Yorùbá gbà pé ògiri létí. Orwell fi ojú kún un. Àwọn lámèyítọ́ ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ẹ̀rọ yìí, ṣùgbọ́n ohun tí ó kan àwa olùkọ́ èdè jù ni ohun tí òǹkọ̀wé náà sọ nípa èdè. Ọ̀nà méjì ni ó fi hàn pé ìjọba ń gbà lo èdè. Èkíní, àwọn onímọ̀ ìjọba ń dín iye ọ̀rọ̀ inú èdè kù lọ́dọọdún, kí ó lè jẹ́ pé bí ọ̀rọ̀ fún òmìnira bá parẹ́, èrò òmìnira pàápàá yóò parẹ́. Èkejì, wọ́n ń fún nǹkan ní orúkọ tí ó lòdì sí ìwà rẹ̀: ilé-iṣẹ́ tí ń jagun ń jẹ́ ti àlàáfíà, èyí tí ń dá ènìyàn lóró sì ń jẹ́ ti ìfẹ́.

Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé Orwell rí ojú ìjọba kedere ju bí ó ti rí ẹnu rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ ka ìwé òfin àti àlàyé àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 2001 wá, yóò rí i pé wọn kò pa ọ̀rọ̀ kankan rẹ́, wọn kò sì pe funfun ní dúdú. Ọ̀rọ̀ kéékèèké tí gbogbo ènìyàn ń lò ni wọ́n mú, tí wọ́n sì fún ní ìtumọ̀ tí ará ìlú kò mọ̀. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju eéje lọ. A ó yẹ mẹ́ta wò nínú àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, èyíinì ni "collect", "relevant" àti "bulk". Lẹ́yìn náà ni a ó wá béèrè ohun tí ó yẹ kí ògbufọ̀ Yorùbá ṣe nígbà tí irú wọn bá dé ọwọ́ rẹ̀.

"Collect": Ta Ni Ó Kó Kí Ni?

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta ọdún 2013, Ron Wyden, ọmọ Ilé Aṣòfin Àgbà Amẹ́ríkà, bi James Clapper, tí ó jẹ́ olórí gbogbo iṣẹ́ amí ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, bóyá àjọ NSA ń kó ìròyìn kankan jọ nípa àìmọye mílíọ̀nù ará Amẹ́ríkà. Clapper ní rárá, ó sì fi kún un pé bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé àwọn mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún kan náà, ìwé ìròyìn The Guardian tẹ àṣẹ ilé-ẹjọ́ ìkọ̀kọ̀ kan jáde, èyí tí ó wà lára ìwé tí Edward Snowden kó síta. Àṣẹ náà ní kí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù Verizon máa fi àkọsílẹ̀ ìpè àwọn oníbàárà rẹ̀ ránṣẹ́ sí NSA lójoojúmọ́: nọ́ńbà ẹni tí ó pè, nọ́ńbà ẹni tí a pè, àkókò ìpè àti bí ó ṣe pẹ́ tó.

Nígbà tí wọ́n tún bi Clapper léèrè, ó fi ilé-ìkàwé ṣe àpèjúwe. Lójú tirẹ̀, ìgbà tí ènìyàn bá mú ìwé kúrò lórí pẹpẹ, tí ó ṣí i, tí ó sì kà á, ni a tó lè sọ pé ó "collect" rẹ̀. Lóòótọ́, kí oṣù náà tó parí ni ó kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin pé ìdáhùn òun ìṣáájú kò tọ̀nà. Síbẹ̀, irú ìtumọ̀ yìí ti wà nílẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀. Nínú ìlànà ilé-iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà tí ó jáde ní ọdún 1982, ìròyìn kò tíì di èyí tí a "collect" àfi bí òṣìṣẹ́ amí bá gbà á fún ìlò lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá tí ó súnmọ́ ọn jù, "kó", wọ̀n ọ́n wò. Bí a bá ní "Wọ́n kó iṣu Àjàyí", gbólóhùn ti pé, ọ̀ràn sì ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó kó iṣu lóko olóko kò lè wí fún adájọ́ pé òun kò tíì kó o níwọ̀n ìgbà tí òun kò tíì sè é. Orí bíbọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn ni ìtumọ̀ "kó" dúró lé. A mọ̀ pé àkọsílẹ̀ kì í ṣe iṣu: ẹ̀dà ni ìjọba gbà, ti ilé-iṣẹ́ sì wà níbi tí ó wà. Ṣùgbọ́n ohun tí oníbàárà ní nínú àkọsílẹ̀ náà ni àṣírí rẹ̀, àṣírí kì í sì í ní ẹ̀dà. Bí ó bá ti dé ọwọ́ ẹlòmíràn, wọ́n ti kó o nìyẹn.

"Relevant": Ọ̀ràn Tí Ó Kan Gbogbo Ènìyàn

Òfin tí ìjọba gbára lé fún iṣẹ́ yìí ni ẹsẹ 215 nínú òfin Patriot Act ti ọdún 2001. Ó fi àyè gba ìjọba láti béèrè fún ohun tí ó bá jẹ́ "relevant" sí ìwádìí lórí àwọn apániláyà. Láti ọdún 2006 ni ilé-ẹjọ́ ìkọ̀kọ̀ ti gbà pé àkọsílẹ̀ ìpè gbogbo ènìyàn ni ó wọ abẹ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ìjọba ní bí a kò bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, a kò lè rí ìwọ̀nba díẹ̀ tí a ń wá.

Ní Yorùbá, "tí ó kan ọ̀rọ̀ náà" ni a ó fi túmọ̀ rẹ̀. "Kàn" jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ń béèrè olùwà àti àbọ̀: kí ni ó kan kí ni? Bí ìyàwó bá pe ọkọ rẹ̀ pé kí ó ra búrẹ́dì bọ̀, ìwádìí wo ni ìpè yẹn kàn? Ẹni tí ó ní ó kàn án gbọ́dọ̀ dárúkọ ìwádìí náà. Ibi tí ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní New York gbà dé ọ̀dọ̀ wọn gan-an nìyí ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 2015: àwọn adájọ́ ní a kò lè na ọ̀rọ̀ náà gùn títí yóò fi bo ìpè gbogbo ìlú. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, àwọn aṣòfin ṣe òfin tuntun tí ó fi òpin sí ètò náà. Ó tọ́ kí olùkọ́ èdè kíyè sí èyí: àríyànjiyàn lórí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wà lára ohun tí ó wó ètò ìjọba ńlá.

"Bulk": Nígbà Tí Ènìyàn Di Ẹrù

Àwọn alátakò a máa pe iṣẹ́ yìí ní "mass surveillance". Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ràn orúkọ yẹn. "Bulk" ni ó lò jálẹ̀ nínú òfin Investigatory Powers Act ti ọdún 2016. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ń sọ nípa ọ̀pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Inú "mass" gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe lò ó níbí, a rí èrò, a rí ọ̀pọ̀ ènìyàn. "Bulk" jẹ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́jà àti ọlọ́kọ̀ ẹrù. Bí àpò gàrí tàbí pálí ọṣẹ ni ó ń ka ohun tí ó bá fọwọ́ kàn. Bí ẹrù bá pọ̀, kò sí ẹni tí ń béèrè bóyá ojú ń ti ẹrù. Kódà nígbà tí Ilé-Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù dájọ́ ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 2021 pé òfin tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò tẹ́lẹ̀ kò ní ààbò tí ó tó fún ìgbésí ayé ìkọ̀kọ̀ ènìyàn, "bulk" náà ni ilé-ẹjọ́ fi kọ ìdájọ́ rẹ̀, kò sì sọ pé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ jẹ́ èèwọ̀. Ẹni tí ó bá ti yan ọ̀rọ̀ ti yan ibi tí àríyànjiyàn yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Olùṣọ́, Amí àti Ajẹ́lẹ̀

"Surveillance" gan-an ńkọ́? Faransé ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ti yá a. Nígbà tí Alan Sheridan túmọ̀ Surveiller et punir, ìwé Michel Foucault ti ọdún 1975, sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1977, ó ṣàlàyé pé kò sí ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá "surveiller" mu pátápátá, ó sì fi "Discipline" rọ́pò rẹ̀ nínú àkọlé. Nítorí náà, kò yẹ kí ojú ti ògbufọ̀ Yorùbá bí ọ̀rọ̀ náà bá ń yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìṣòro tiwa wà nínú "ṣọ́". À ń ṣọ́ ilé, à ń ṣọ́ ọmọ. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, ire ohun tí a ń ṣọ́ ni a ń wá. Bí ènìyàn bá wá ní "Ó ń ṣọ́ mi", ìfura ti wọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ibi tí ó kọjú sí ni ó yàtọ̀. Bí a bá fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ, "ìṣọ́", olùwà àti àbọ̀ yóò sọnù pọ̀, aláṣẹ yóò sì rí aṣọ ọdẹ wọ̀. Èdè Yorùbá náà lè fi nǹkan pamọ́. Kí a má tan ara wa.

Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kò fi orúkọ olùṣọ́ pe gbogbo ẹni tí ń wo ènìyàn. Wọ́n ní amí, wọ́n ní olófòófó, a sì ti ní ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Nígbà tí ìlú ńlá bá jọba lórí ìlú kékeré, ajẹ́lẹ̀ ni ó ń fi ṣe ojú àti etí rẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo ìlú mọ ilé ajẹ́lẹ̀, wọ́n mọ ẹni tí ó rán an, wọ́n sì mọ ẹni tí wọn yóò bínú sí. Pípa tí Fábùnmi ti Òkè-Mẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní ọdún 1878 wà lára ohun tí ó dá ogun Kírìjì sílẹ̀. Èmi kò gbóríyìn fún ìpànìyàn. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé orúkọ wọ̀nyí ní ènìyàn nínú, èyí tí kò sí nínú "surveillance".

Ìkádìí

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ẹsẹ 37 nínú òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 dáàbò bo ìgbésí ayé ìkọ̀kọ̀ ará ìlú, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tí ó bá sọ lórí tẹlifóònù. Ní ọdún 2019, àjọ NCC gbé ìlànà jáde lórí ohun tí wọ́n pè ní "lawful interception". Báwo ni akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó di oníròyìn lórí rédíò yóò ṣe sọ ọ́? Bí ó bá ní "ìjọba yóò máa ṣọ́ ìlú lọ́nà òfin", olùgbọ́ yóò dúpẹ́. Bí ó bá ní "òfin gba àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba láyè láti dá ọ̀rọ̀ yín lọ́nà kí wọ́n sì gbọ́ ọ", olùgbọ́ yóò rántí adánà, yóò sì béèrè pé: ọ̀rọ̀ ta ni, nípa àṣẹ ta, títí di ìgbà wo? Ó ṣeé ṣe kí ó rí ìdáhùn tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, nítorí ìlànà náà sọ̀rọ̀ lórí ìwé àṣẹ adájọ́. Ṣùgbọ́n ó ti lè béèrè.

Àbá wa ni pé kí àwọn tí ń ṣe èdè-ìperí fi "ìṣọ́" sílẹ̀ fún ààbò nìkan, kí a lo "ìṣọ́ni" fún wíwo ẹnìkan pẹ̀lú ìfura, kí a sì pe ti gbogbo ìlú ní "amí-ṣíṣe lórí ará ìlú". "Ìtọpinpin" tí àwọn kan ń lò kò bá a mu, nítorí ẹni tí ń tọpinpin mọ ohun tí òun ń wá. Ju orúkọ lọ, kí ògbufọ̀ máa dá olùwà àti àbọ̀ padà sínú gbólóhùn. Ẹ̀kọ́ gírámà tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún kìíní ni. Bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n lò níbi tí agbára wà, yóò tó wọn fi gbèjà ara wọn.