Eré Halloween Ilé Bob Burns: Àgbéyẹ̀wò

Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdọọdún, àṣà àwọn ará Amẹ́ríkà ni kí àwọn ọmọdé wọ aṣọ abàmì kiri ojúlé láti tọrọ ohun dídùn, kí àwọn onílé mìíràn sì sọ àgbàlá wọn di ibi ìdẹ́rùbani. Kí òǹkàwé má tètè pè é ní egúngún. Kò sí ará ọ̀run kankan nínú rẹ̀, eré lásán ni. Ọ̀pọ̀ irú eré bẹ́ẹ̀ kò sì ju ìbòjú tí a rà lọ́jà lọ. Ti Bob Burns àti Kathy ìyàwó rẹ̀, ní ìlú Burbank ní California, yàtọ̀. Ìparí àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, orí ohun tí Burns kó jọ sínú ilé ni wọ́n sì gbé e kà: ère ẹ̀dá abàmì, ìbòjú àti ẹ̀rọ tí àwọn onísinimá ti lò tì.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí agbára eré náà wà, kí ó wo ti ọdún 1976. Ẹ̀rọ tí akọni inú sinimá The Time Machine, èyí tí George Pal ṣe ní 1960, fi ń rin ìrìn àjò láti ìgbà dé ìgbà ni òpó eré ọdún náà. Wọ́n ti tà á ní gbàǹjo ní 1970, kò sì bọ́ sọ́wọ́ Burns. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni ó bá a ní ìsọ̀ àlòkù kan ní ìlú Orange, ó ti bàjẹ́ gidigidi. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí Tom Scherman ṣe aṣáájú fún, tún un ṣe kí alẹ́ Halloween tó dé. Níhìn-ín, òǹwòran kò nílò kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún un. Ẹ̀rọ inú sinimá gan-an ni ó dúró níwájú rẹ̀, nínú ọgbà aládùúgbò rẹ̀.

Ti ọdún 1979, tí wọ́n gbé ka sinimá Alien, rẹlẹ̀ sí i díẹ̀. Ohun èlò sinimá náà gan-an ni wọ́n lò níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ọdún yẹn náà ni sinimá ọ̀hún jáde. Ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ wá kò tí ì ní ìtàn kankan nínú ilé Burns.

Àwọn kan lè sọ pé inú àpótí dígí ni ó yẹ kí irú ẹrù báyìí wà, kí èrò má baà bà á jẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣeé fojú fò dá, ṣùgbọ́n kí wọ́n wo ère ìnàkí King Kong ti ọdún 1933 tí ó ti wà lọ́wọ́ Burns rí, tí kò ga tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Egungun irin rẹ̀ nìkan ni ó kù. Kì í ṣe òǹwòran ni ó jẹ ẹran ara rẹ̀. Rọ́bà a máa jẹrà bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án.

Àbùkù eré náà wà níbòmíràn: bí ó ti ń parí ni ó ń pòórá. Àwòrán àti sinimá Beast Wishes ti ọdún 2012, tí ó sọ ìtàn tọkọtaya náà, fi ẹ̀rọ àti ère hàn. Wọn kò lè fi ìjayà ẹni tí ó ń wọlé nínú òkùnkùn hàn. Rick Baker àti Dennis Muren, tí wọ́n di ọ̀gá nínú iṣẹ́ sinimá lẹ́yìn náà, wà lára àwọn tí ó bá Burns ṣiṣẹ́ eré yìí nígbà èwe wọn. Ó yẹ kí ẹni tí ó bá ń kọ ìtàn iṣẹ́ wọn ka ọgbà Burbank náà mọ́ ibi tí wọ́n ti dán ọwọ́ wò.