Ohùn àti Àwòrán: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Àwọn Alálàyé Eré Kíríkẹ́ẹ̀tì

Orúkọ tí Yorùbá sọ ẹ̀rọ méjèèjì tí ń gbé ìròyìn wọlé tó ẹ̀kọ́ fún ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wò ó. Wọ́n pe ọ̀kan ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀ láìgba èsì; ọ̀rọ̀ nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n pe èkejì ní amóhùnmáwòrán, nítorí pé bí ó ti ń mú ohùn wá ni ó ń mú àwòrán wá. Ẹni tí ń ṣe àlàyé eré lórí ti àkọ́kọ́ ni ojú fún àwọn tí kò sí níbi eré; ẹni tí ń ṣe é lórí èkejì ń bá ẹni tí ó ń fi ojú ara rẹ̀ wòran sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ méjèèjì jọra, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Àìka ìyàtọ̀ yìí sí ni ó bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àbùkù tí ó wà nínú àlàyé eré kíríkẹ́ẹ̀tì lórí amóhùnmáwòrán lónìí.

Kò sí eré tí ó fi ìyàtọ̀ náà hàn bí kíríkẹ́ẹ̀tì. Eré ńlá láàrin orílẹ̀-èdè méjì lè gba ọjọ́ márùn-ún gbáko. Ẹni kan a sáré wá ju bọ́ọ̀lù, ẹni kejì a fi pákó gbá a tàbí kí ó jẹ́ kí ó kọjá lọ. Lẹ́yìn náà, pápá a tún dákẹ́ títí ajubọ́ọ̀lù yóò fi padà dé ibi tí ó ti ń sáré bọ̀. Àkókò ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí pọ̀ ju àkókò ìṣe lọ. Ohun tí alálàyé bá fi dí àlàfo náà ni a fi ń mọ irú ẹni tí ó jẹ́.

Lórí asọ̀rọ̀mágbèsì, ọ̀rọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ dí i. John Arlott, tí ó ti ṣe ọlọ́pàá ní ìlú Southampton tí ó sì tún jẹ́ akéwì, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà ní ọ̀gá nínú èyí, láti 1946 títí di 1980. Nígbà tí ó parí àlàyé rẹ̀ ìkẹyìn lórí eré ńlá ní pápá Lord's ní 1980, kò ṣe ìdágbére gígùn. Ó dárúkọ ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ tẹ̀lé e, ó sì dìde. Nígbà tí a kéde rẹ̀, àwọn òǹwòran àti àwọn eléré pàápàá pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Brian Johnston, ti wà lórí amóhùnmáwòrán fún ọdún púpọ̀ kí BBC tó yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ ní 1970. Ó bọ́ sí ìdí asọ̀rọ̀mágbèsì, àwàdà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ àkàrà òyìnbó tí àwọn olùgbọ́ fi ń ránṣẹ́ sí i rí àyè, ó sì di àyànfẹ́ wọn títí ó fi kú ní 1994. Ẹnu kan náà ni. Ẹ̀rọ ni ó yàtọ̀.

Ẹni tí ó mọ ohun tí amóhùnmáwòrán ń fẹ́ jù ni Richie Benaud, balógun ẹgbẹ́ Ọsirélíà nígbà kan rí. Kò gbẹ́kẹ̀ lé òkìkí tí ó ní lórí pápá: ní 1956, nígbà tí ó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù, ó dúró sẹ́yìn ní London láti kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ BBC. Ìlànà rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: bí ọ̀rọ̀ kò bá ní fi nǹkan kún ohun tí òǹwòran ń rí, kí alálàyé pa ẹnu mọ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2005, ní pápá The Oval, ó ń dágbére fún àwọn òǹwòran ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ogójì ọdún ó lé. Bí ọ̀rọ̀ ti wà lẹ́nu rẹ̀ ni Glenn McGrath ju bọ́ọ̀lù tí ó wó igi ẹ̀yìn Kevin Pietersen, tí ó ti gba ayò 158. Benaud dá ìdágbére náà dúró, ó ròyìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ó sì padà parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìwọ̀nba. Eré ni ó fi ṣíwájú, ó fi ara rẹ̀ sẹ́yìn.

Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn púpọ̀ nínú àwọn tí ń sọ̀rọ̀ lónìí, wọn kì yóò tó ìwọ̀n. Ẹni mẹ́ta a jókòó, olúkúlùkù a máa sọ ohun tí òun ṣe nígbà tirẹ̀, bọ́ọ̀lù a sì kọjá láìsí ẹni tí ó sọ ìdí tí ó fi yà. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ gbà pé ẹni tí ó bá ti gba eré ńlá ti mọ̀ ọ́n sọ. Ṣùgbọ́n Tony Cozier ará Barbados, tí kò gba eré ńlá fún West Indies rí, mọ ìtàn àti ìṣe àwọn eléré erékùṣù wọ̀nyẹn ju ọ̀pọ̀ eléré lọ, ó sì lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ méjèèjì láìpa wọ́n pọ̀.

Owó tún wá fi àbùkù kún àbùkù. Nínú ìdíje IPL ilẹ̀ Íńdíà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, DLF, ilé-iṣẹ́ tí ń kọ́ ilé, ni ó sanwó kí a fi orúkọ rẹ̀ pe ìdíje náà ní ọdún márùn-ún àkọ́kọ́. Ní àkókò náà, bí bọ́ọ̀lù bá fò kọjá ààlà láìkanlẹ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ náà ni àwọn alálàyé fi ń pe ayò mẹ́fà ọ̀hún. Alágbe tí ń ki olówó lóde àríyá kò ṣe ohun tuntun. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń pe alágbe bẹ́ẹ̀ ní òpìtàn. Ní 2013, Ian Chappell kọ̀ láti ṣe àlàyé eré láàrin Íńdíà àti Ọsirélíà, nítorí pé wọ́n ní kí ó má ṣe mẹ́nu kan ọ̀nà tí a gbà ń yan eléré, ìṣàkóso eré, àti ẹ̀rọ tí a fi ń tún ìdájọ́ adájọ́ eré yẹ̀ wò. Ẹnu tí ó jẹ dòdò kì í sọ òdodo. Chappell kò jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ òdodo yìí ni ó jẹ́ kí ó hàn pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nìkan kọ́ ni ìwà alálàyé rere. Ní ọjọ́ 8 oṣù Keje ọdún 2020, òjò dá eré England àti West Indies dúró ní Southampton. Michael Holding ará Jamaica, ajubọ́ọ̀lù tí àwọn agbábọ́ọ̀lù bẹ̀rù nígbà ayé rẹ̀ lórí pápá, sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tanú sí aláwọ̀ dúdú àti bí ilé-ìwé ṣe fi ìtàn wọn pamọ́. Kò pariwo, kò sì ṣe ẹwà ọ̀rọ̀. Bí ènìyàn bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹni tí ó mọ ìgbà tí kò yẹ kí ó sọ̀rọ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wúwo nígbà tí ó bá sọ ọ́.

Àwọn kan lè sọ pé ìlànà Benaud ti di ti àtijọ́. Pé eré kúkúrú oníwákàtí mẹ́ta ti òde òní ń fẹ́ ariwo bí ọjà ọdún. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n eré kúkúrú gan-an ni ó dá wọn lóhùn. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2016, ní Kolkata, ayò 19 ni West Indies ń wá nínú bọ́ọ̀lù mẹ́fà tí ó kẹ́yìn àṣekágbá ife àgbáyé. Carlos Brathwaite gbá bọ́ọ̀lù mẹ́rin léraléra kọjá ààlà láìkanlẹ̀, eré sì parí. Ian Bishop, ọmọ Trinidad, kò wá àfiwé, kò sì ròyìn ara rẹ̀; ó ké orúkọ ọkùnrin náà, ó sì ní kí ayé rántí rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ oríkì yóò mọ ìdí tí ìpè náà fi dúró lọ́kàn ènìyàn: orúkọ bá ìṣe pàdé ní àkókò rẹ̀ gan-an.

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí a fi wọn alálàyé eré, yálà Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń sọ tàbí Yorùbá. Ṣé ó sọ ohun tí ojú kò rí? Ṣé ó lè sọ òótọ́ níwájú ẹni tí ń sanwó fún un? Ṣé ó jẹ́ kí eré tóbi ju òun lọ? Èyí tí ó bá kùnà nínú wọn, ariwo kò lè dí àlàfo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kò kún agbọ̀n.