Ọdún Ìbejì Igbó-Ọrà: Ìdajì Ìtàn Ni Wọ́n Ń Fi Hàn Wá

Ẹni tó bá wọ Igbó-Ọrà yóò rí àkọlé tó pe ìlú wa ní olú-ìlú ìbejì lágbàáyé. Kì í ṣe àsọdùn lásán. Ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín 1972 sí 1982 fi hàn pé nínú ìbí 1,000 níbí, nǹkan bí 45 ló jẹ́ ìbejì. Láti 2018 ni wọ́n sì ti ń ṣe ọdún fún wọn.

Mo ti lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìbejì wọ aṣọ kan náà, ìlù ń dún, àwọn oníròyìn ń ya fọ́tò, ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú sì gùn ju ijó lọ. Wọ́n ń sọ fún àlejò pé ọbẹ̀ ìlasa ló ń fà á. Àǹtí mi ń jẹ ìlasa dáadáa, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń bímọ.

Mo gbádùn ọdún náà, ṣùgbọ́n Ìdòwú ni mí. Kẹ́hìndé tó ṣáájú mi kú ní ọmọ oṣù mẹ́rin. Lọ́dún tó kọjá, mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi Táyé jẹ́ ká jọ lọ. Wọ́n ní, "Ìdòwú, ta ni n ó bá dúró níbẹ̀?"

Àwọn baba ńlá wa ní ìdáhùn sí ìbéèrè yìí. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, agbẹ́gilére yóò gbẹ́ ère ìbejì. Ìyá yóò máa wẹ̀ ẹ́, yóò fi osùn pa á lára, yóò wọ̀ ọ́ láṣọ, bó bá sì ń fún èyí tó wà láàyè lóúnjẹ, yóò fún òun náà. Ìbejì a máa kéré nígbà tí wọ́n bá bí wọn, ikú sì ń pa wọ́n púpọ̀ láyé ìgbà náà. Ìyẹn náà wà nínú ìtàn ìlú tó ń bí ìbejì, ṣùgbọ́n n kò rí ère kan ṣoṣo ní pápá ọdún lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù.

Àwọn kan yóò ní òrìṣà ni. Ṣọ́ọ̀ṣì ni èmi náà ń lọ, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni bọ ọ́. Kí wọ́n gbé e síbi tí a ó ti rí i, kí àgbàlagbà kan ṣàlàyé rẹ̀, kí wọ́n sì pe àwọn tó ku ẹyọ kan jáde kí wọ́n jó.

Mo bi ìyá àgbà níbi tí ère ìyá wọn wà. Wọ́n ní àlejò kan ló wá rà á nígbà tí àwọn ṣì kéré. Wọn kò rántí iye tó san.