Òjò, Ọ̀dà àti Ọkọ̀ Eléèédú

Yorùbá gbà pé ìwà lẹwà, ṣùgbọ́n a kì í torí ìyẹn fojú tẹ́ḿbẹ́lú ọ̀ṣọ́. Ẹni tó wẹ̀, tó para, tó wọ aṣọ iyì, ó bu ọlá fún ara rẹ̀ àti fún ẹni tí yóò wò ó. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń di àríyànjiyàn ni ibi tí ọ̀ṣọ́ bá ti ń bo àrùn mọ́lẹ̀. Àríyànjiyàn yìí gan-an ló yí àwọn ògbólógbòó ọkọ̀ rélùwéè ká, àwọn tó ń fi èédú àti omi híhó ṣiṣẹ́ láyé àtijọ́, tí wọ́n wá gbé kalẹ̀ sí gbangba fún ìwòran. Púpọ̀ nínú wọn kò lè rìn mọ́. Kí ni ìtumọ̀ ọ̀dà tí a ń kùn fún wọn nígbà náà?

Àtúnṣe ìrísí ni n ó máa pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó yàtọ̀ sí àtúnṣe tó ń mú ọkọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ eléèédú tó bá ń rìn lójú irin gbogbogbòò wà lábẹ́ òfin: bí ó bá ti ṣiṣẹ́ fún 1,472 ọjọ́, tàbí bí ọdún 15 bá ti pé, èyíkéyìí tó bá ṣáájú, wọ́n gbọ́dọ̀ tú ìkòkò ńlá tó ń hó omi rẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tinú tòde. Òfin yìí kò kan èyí tó dúró sójú kan láìdáná. Ojú òǹwòran ni adájọ́ tirẹ̀, ojú òǹwòran kì í sì í sábà kọjá ọ̀dà.

Àpẹẹrẹ tó yé mi jù ni ti àwọn ọkọ̀ Big Boy ti ilé iṣẹ́ Union Pacific. Márùndínlọ́gbọ̀n ni ilé iṣẹ́ ALCO ṣe ní Schenectady láàrin 1941 àti 1944. Pẹ̀lú àgbá èédú àti omi tó ń wọ́ tẹ̀lé e, gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ẹsẹ̀ bàtà 132, ìwọ̀n rẹ̀ sì lé ní tọ́ọ̀nù 500. Òkè Wyoming àti Utah ni wọ́n ń fa ẹrù gùn títí di 1959. Mẹ́jọ péré ló ṣẹ́ kù. Wọ́n ti fọ́ ìyókù tà.

Wọ́n gbé èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 4014 lọ sí Pomona ní California ní ìbẹ̀rẹ̀ 1962. Ìta ló wà fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ ibẹ̀ gbẹ, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni sì ń tọ́jú rẹ̀. Ní 2013, Union Pacific gbà á padà. Ní 2014, wọ́n wọ́ ọ lọ sí Cheyenne. Nígbà tó di oṣù karùn-ún 2019, ó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Àwọn tó ń nù ún lára ní 1970 kò mọ̀ pé ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ń bọ̀. Síbẹ̀ wọn kò ṣe ohunkóhun tí yóò di ọ̀nà mọ́ ọn.

Ẹ wá wo ọmọ ìyá rẹ̀, 4012, tó wà ní Steamtown ní Scranton, Pennsylvania, níbi tí òjò àti yìnyín kì í ti í jẹ́ kí irin sinmi. Láàrin 2019 àti 2021, wọ́n ṣe àtúnṣe ìrísí fún un. Dúdú rẹ̀ tún ń dán, ó sì tún dà bí ọba láwùjọ irin. Mo mọ àwọn tí yóò sọ pé owó ṣòfò, nítorí pé kò lè fa ọmọlanke. N kò sí lẹ́yìn wọn. Ọmọ tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ irin tó ga jù ú lọ yóò lóye ohun tí ìwé kò lè sọ fún un nípa agbára àti làálàá ayé ọjọ́un.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi omi léèrè kí a tó yin ọ̀dà. Lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, awọ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló bo ìkòkò ńlá náà. Láàrin awọ yìí àti ìkòkò ni ohun tí wọ́n fi wé e wà kí ooru má baà jáde. Láyé ọjọ́un, asbestos ni wọ́n sábà máa ń lò, eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bí òjò bá gba ojú ihò kékeré wọlé, wíwé náà yóò fà á mu bí òwú, yóò sì gbé e lé irin lára lọ́dọọdún. Bí a kò bá dé ẹnu èéfín, òjò yóò bá eérú inú rẹ̀ pàdé, ásíìdì ni yóò sì dà. Ẹni tó kun awọ òde láìṣí i wò, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa lápálápá. Ní ọdún mélòó kan, ọ̀dà yóò ṣì máa dán nígbà tí ìpẹtà bá ti jẹ ìkòkò dé eegun.

Nínú àṣà àkó ní Ọ̀wọ̀, wọ́n máa ń ṣe ère tó jọ olóògbé, wọ́n á wọ aṣọ iyì fún un, wọ́n á sì gbé e yí ìlú ká. Kò sí ẹni tó rò pé òkú jí. Ọlá ni wọ́n ń bù fún un, irọ́ kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àtúnṣe ìrísí ṣe lè jẹ́ iṣẹ́ ọ̀wọ̀. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ló wà, ó sì tóbi. Àkó kì í ṣe òkú náà; bí ère bá bàjẹ́, olóògbé ti sùn sínú ilẹ̀. Ọkọ̀ yìí ni ère, òun náà sì ni òkú. Bí a bá gé ibi kan dànù kí ìrísí lè dára, tàbí tí a fi ọ̀dà dí ihò tí omi ń gbà jáde, a ti ba ẹ̀rí kan ṣoṣo tó kù jẹ́.

Wọn yóò ní owó kò tó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí owó bá kéré, ibi tí ó yẹ kó kọ́kọ́ lọ ni ìdérí ẹnu èéfín, ihò tí omi yóò gbà jáde, òróró fún àwọn oríkèé, àti òrùlé bí agbára bá ká a. Ọ̀dà lè dúró dẹ̀yìn. Ọkọ̀ tó ṣì ṣá ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ gbẹ ṣì ní ọ̀la; ọ̀la èyí tó ń dán tí inú rẹ̀ ń jẹrà kò gùn ju ti ọ̀dà ara rẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí wọ́n bá pè mí wá wo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, n kò ní bèèrè irú àwọ̀ tí wọ́n fi kùn ún. Ohun tí n ó bèèrè ni ibi tí òjò àná gbà lọ.