Àwọn Ọmọbìnrin East Dulwich Grove

Bọ́ọ̀sì 37 tó ń gbé wa kúrò ní Peckham máa ń gba Goose Green kọjá kí ó tó bọ́ sí East Dulwich Grove. Níbẹ̀ ni ọgbà ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin kan wà, James Allen's Girls' School, tí àwọn aládùúgbò ń pè ní JAGS. Àwa èrò inú bọ́ọ̀sì, tí àpò iṣu àti ata rodo tí a rà ní Rye Lane wà lẹ́sẹ̀ wa, kì í sábàá gbójú sókè wò ó.

Ọdún 1741 ni wọ́n dá a sílẹ̀. James Allen, olórí kọ́lẹ́ẹ̀jì Dulwich nígbà náà, ló ya owó ilé tí ó ní ní Kensington sọ́tọ̀, kí àwọn ọmọ tálákà, tọkùnrin tobìnrin, lè mọ ìwé kà. Yàrá méjì nínú ilé ọtí Bricklayers' Arms ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá ó di ti ọmọbìnrin nìkan, ní 1886 ni wọ́n sì kó wá síbi tó wà yìí. Lónìí, owó gọbọi ni òbí ń san níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣì ń ran àwọn ọmọ kan lọ́wọ́ láti wọlé.

Ilé-ìwé tó bá pẹ́ tó báyìí á ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin àtijọ́ tí yóò pè padà wá jẹun. Àpèjẹ irú rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó kì í pariwo: àtẹ́wọ́ tó mọ níwọ̀n, ọ̀rọ̀ ṣókí. Tiwa ní Peckham kò rí bẹ́ẹ̀. Bí àwọn Old Girls ilé-ìwé Èkó tàbí Ìbàdàn bá pé jọ, aṣọ ẹbí ni, gèlè ni, sẹ́ẹ̀tì kan á máa fi sẹ́ẹ̀tì kejì ṣe yẹ̀yẹ́, ìyá ọlọ́mọọmọ á sì tún máa pe ìyá mìíràn ní “Síníọ̀ mi”. Síbẹ̀ iṣẹ́ kan náà ni àpèjẹ méjèèjì ń ṣe. Oríkì ni wọ́n ń kì. Bí àwọn ọmọ St Anne's, Ìbàdàn, bá ń ka ìran wọn, wọ́n á padà dé ilé-ìwé CMS tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1869, wọ́n á sì dárúkọ Kofoworọlá Adémọ́lá, obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó gboyè ní Oxford, ní 1935.

Ní àpèjẹ JAGS, bí wọ́n bá ní kí n yan ẹni tí yóò jókòó síwájú nínú àwọn Old Girls rẹ̀, mo lè pe Sally Hawkins, ìyá inú fíìmù Paddington tí àwọn ọmọ wa fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n Anita Brookner, tó kú ní 2016, ni ọkàn mi ń lọ sí. Herne Hill nítòsí ni wọ́n bí i sí ní 1928. Júù tó ti Poland wá ni ìdílé rẹ̀. Wọ́n yí Bruckner padà sí Brookner kí ó má baà dún bí orúkọ Jámánì létí àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ta ni irú èyí ṣàjèjì sí ní Peckham, níbi tí Olúwáṣeun ti ń di Sean? Iṣẹ́ àwọn ayàwòrán Faransé ló fi ṣe ẹ̀kọ́, ní 1967 ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó jókòó sórí àga ọ̀jọ̀gbọ́n Slade nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Cambridge. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún kí ìwé ìtàn-àròsọ rẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde ní 1981. Ìkẹrin, Hotel du Lac, ló gba ẹ̀bùn Booker ní 1984. Olùkọ́ wo ló lè rí ìyẹn lára ọmọdébìnrin tó ń ṣe ìdánwò?

Èmi ì bá tilẹ̀ fi àga kan sílẹ̀ fún àwọn olùkọ́. Gustav Holst kọ́ wọn lórin níbẹ̀ láti 1904. Lilian Clarke, ní 1896, kó ẹ̀kọ́ nípa ewéko kúrò nínú ìwé bọ́ sínú ọgbà, tí àwọn ọmọ ń fi ọwọ́ ara wọn gbin nǹkan, tí wọ́n ń wò ó bó ṣe ń hù.

Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwọn ọmọbìnrin kan nínú yúnífọ́ọ̀mù wọ bọ́ọ̀sì 37. Ọ̀kan nínú wọn gbé àpótí dùùrù olókùn dání, ẹrẹ̀ wà ní bàtà rẹ̀. Ó ní kí n jọ̀wọ́ bá òun sún àpò iṣu mi díẹ̀. Mo sún un.